Ṣé kí sójà máa sin ọkọ̀ oúnjẹ wọ Borno, àbí kí àwọn aṣèrànwọ́ dá lọ?

Ajírọ́bà_Bódìjà

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Àríyànjiyàn kan bẹ́ sílẹ̀ níbi iṣẹ́ wa lánàá, kò sì tíì tán nínú mi. Ẹnìkan ló mẹ́nu ba Alice Loksha, nọ́ọ̀sì UNICEF tí àwọn ISWAP, ẹ̀ka tó yapa kúrò lára Boko Haram, jí gbé ní Rann, ìpínlẹ̀ Borno, lọ́jọ́ kìíní oṣù kẹta ọdún 2018, tó jẹ́ pé oṣù kẹwàá ọdún 2024 ló tó rí ọ̀nà sá mọ́ wọn lọ́wọ́. Àwọn agbẹ̀bí Red Cross méjì tí wọ́n jọ kó lọ, Saifura Khorsa àti Hauwa Liman, kò rí ọ̀nà sá. Wọ́n pa Saifura lóṣù kẹsàn-án ọdún 2018 yẹn náà, wọ́n pa Hauwa lóṣù tó tẹ̀ lé e.

Mo ní tí sójà bá ń sin irú àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀, tí ìbọn wà níwájú, tí ìbọn wà lẹ́yìn, ta ló máa dábàá jíjí wọn gbé? Ọ̀gá wa kan fèsì pé àwọn àjọ yẹn fúnra wọn ni kì í fẹ́ kí sójà sún mọ́ wọn, pé wọ́n ní àwọn kò gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni. Ẹ̀rín pa mí. Ẹni tó fẹ́ pa ọ́ dúró síwájú rẹ, o wá ń ṣàlàyé fún un pé o kò gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni? Ẹ bá wa dá sí i.

Táyé_Maidúgùrì

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Mo ti ṣiṣẹ́ ní ilé ìkẹ́rùsí kan ní Maiduguri, èmi ni mo máa ń ka àpò ẹ̀wà àti kẹ́ẹ̀gì òróró sínú ọkọ̀, torí náà ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí mo mọ̀.

Ní Rann tí ẹ dárúkọ yẹn, sójà wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Inú ìlú ni bárékè wọn wà. Sójà àti ọlọ́pàá 8 ni ìròyìn sọ pé ó kú nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, pẹ̀lú òṣìṣẹ́ aṣèrànwọ́ 3: àwọn méjì ń bójú tó àgọ́ fún IOM, àjọ tó ń rí sí ọ̀ràn àwọn aṣíkiri, ẹ̀kẹta jẹ́ dókítà tó ń bá UNICEF ṣiṣẹ́. Nítorí náà, kì í ṣe pé ìbọn kò sí nítòsí.

Rann, Ngala, Banki, Dikwa, Monguno, gbogbo ìlú wọ̀nyí ni wọ́n gbẹ́ yàrà yí ká. Sójà ń bẹ nínú yàrà, ará ìlú ń bẹ níbẹ̀, àgọ́ àwọn tí ogun lé kúrò nílé ń bẹ níbẹ̀, ilé ìwòsàn náà ń bẹ níbẹ̀. Ẹni tó bá ré yàrà kọjá lọ ṣẹ́gi tàbí lọ roko, ó ti fi orí ara rẹ̀ wéwu. Àwọn ISWAP á wá kọlu bárékè, àgọ́ á sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bárékè. Ọta ìbọn kò mọ ẹni tó sùn sábẹ́ tapólì. Tí ìwọ tó ò ń pín oúnjẹ bá tún wá jáde látinú ọkọ̀ sójà, ojú tí wọ́n fi ń wo sójà ni wọ́n máa fi wò ọ́ láti ọjọ́ náà lọ.

Tí òjò bá wá dé, omi á yí Rann ká pátápátá, ọkọ̀ kò ní lè wọ ibẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ẹlikọ́pítà UNHAS, tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fi ń gbé àwọn aṣèrànwọ́, nìkan ló kù, òun náà kò sì bọ́ lọ́wọ́ ewu. Oṣù keje ọdún 2020, ìbọn ba ọ̀kan nígbà tó ń fò kọjá lórí Damasak. Àwọn inú rẹ̀ yè é, ṣùgbọ́n ọmọ ọdún 5 kan wà lára àwọn tó kú nísàlẹ̀.

Ajírọ́bà_Bódìjà

Ó dáa, sójà wà níbẹ̀. Bí wọn kò bá wá sí níbẹ̀ rárá ńkọ́? Ṣé kì í ṣe gbogbo Rann ni wọn ì bá kó lọ?

Àbẹ̀kẹ́_Agbẹ̀bí

Ẹ forí jì mí tí ohùn mi bá le. Hauwa kò ju ọmọ ọdún 24 lọ. Saifura jẹ́ 25, ó sì fi ọmọ kéékèèké 2 sílẹ̀. Iṣẹ́ kan náà tí mò ń ṣe ní Ìlọrin níbí ni wọ́n ń ṣe. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ìbímọ ṣe máa ń rí níbi tí kò sí iná: obìnrin á máa rọbí lórí ẹní, ẹnìkan á fi ẹnu di tọ́ọ̀ṣì mú nítorí ọwọ́ méjèèjì ni wàá fi gba ọmọ, tí ibi kò bá sì tètè jáde, ẹ̀jẹ̀ náà ni wàá máa wò bí ó ṣe ń kún. Láàárín wákàtí méjì ìyá lè lọ. Ní irú ìlú tí Táyé ń júwe yẹn, agbẹ̀bí kan ṣoṣo lè jẹ́ gbogbo ohun tí wọ́n ní. Ẹni tó pa á ti pa àwọn aboyún tí ẹ kò ní gbọ́ orúkọ wọn láéláé.

Ẹ sì gbọ́ àwáwí tí ISWAP ṣe. Wọ́n ní Mùsùlùmí ni àwọn méjèèjì, pé ọjọ́ tí wọ́n ti gba iṣẹ́ Red Cross ni wọ́n ti di kèfèrí. Red Cross bẹ̀ wọ́n ní gbangba kí gbèdéke tí wọ́n dá tó pé, ẹ̀bẹ̀ kò wọ̀ wọ́n létí. Ta ni sójà máa sin tí yóò yí irú ọkàn bẹ́ẹ̀ padà?

Ohun kan tún wà. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ka òṣìṣẹ́ aṣèrànwọ́ 383 tí wọ́n pa káàkiri ayé lọ́dún 2024. Ọmọ onílẹ̀ ló pọ̀ jù nínú wọn, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nínú ìlú ara wọn. Ọ̀pọ̀ èèyàn ṣì rò pé òyìnbó ni ọ̀rọ̀ yìí kàn.

SójàFẹ̀yìntì

Mo ti fẹ̀yìn tì, mo lè sọ̀rọ̀ wàyí.

Ẹ̀ ń sọ ọ́ bí ẹni pé sójà ni àrùn. Ẹ jẹ́ kí n bi yín: àwọn ọkùnrin 5 tí wọ́n dá dúró lójú ọ̀nà Monguno sí Maiduguri lóṣù kẹfà ọdún 2020, tí wọ́n kúnlẹ̀ nínú fídíò lóṣù keje kí wọ́n tó pa wọ́n, aṣèrànwọ́ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn. Sójà wo ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn tó kó bá wọn? Pé o kò jẹ́ kí sójà sìn ọ́ kò ní kí wọ́n má pa ọ́.

Bọ́ǹbù àrìmọ́lẹ̀ wà lójú ọ̀nà wọ̀nyẹn. Àwọn ọmọ wa ló ń fi ẹsẹ̀ wọn wá a kí tirelà ẹ̀wà tó kọjá. Mo ti gbé ẹsẹ̀ ọmọkùnrin kan tó jẹ́ ọmọ Èkìtì sínú aṣọ. Kò sí àjọ tó fi orúkọ rẹ̀ sórí pátákó.

Nígbà tí iléeṣẹ́ ológun ti ọ́fíìsì Action Against Hunger àti Mercy Corps pa ní 2019, gbogbo ayé bínú. Ẹ̀sùn ni pé oúnjẹ àti oògùn ń dé ọ̀dọ̀ Boko Haram. Àwọn àjọ náà ní irọ́ ni, ìjọba sì gbà kí wọ́n padà sẹ́nu iṣẹ́ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n yìnbọn fún ní àná, tó bá rí páálí oúnjẹ ìrànwọ́ nínú ibùdó àwọn tó yìnbọn fún un lónìí, kí ni kó rò?

Lọ́yà_Ọ̀yọ́

Ọ̀gá sójà, ẹ kú iṣẹ́ ìlú, Ọlọ́run yóò rántí ọmọ Èkìtì yẹn. N kò bá yín jiyàn lórí bọ́ǹbù àrìmọ́lẹ̀.

Àmọ́ òfin kò dá lórí ohun tí ẹni tó bínú ń rò. Láti 1960 ni Nàìjíríà ti sọ Àdéhùn Geneva ti 1949 di òfin ilé wa. Abala Kẹta inú àdéhùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà fún irú ogun abẹ́lé bí èyí: ẹni tí kò gbé ìbọn, ẹni tó ti jù ú sílẹ̀, aláìsàn, ẹni tó fara gbọgbẹ́, kò gbọdọ̀ sẹ́ni tó pa wọ́n, kò sì gbọdọ̀ sẹ́ni tó fi wọ́n dógò. Ó de ìjọba, ó de ISWAP, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ISWAP kò fọwọ́ sí nǹkan kan.

Ọ̀rọ̀ Rann tí a ń sọ yìí ní apá kejì, ó sì yà mí lẹ́nu pé ẹnikẹ́ni kò tíì dárúkọ rẹ̀. Ọjọ́ 17 oṣù kìíní ọdún 2017, ọkọ̀ òfurufú ológun Nàìjíríà fúnra rẹ̀ ju bọ́ǹbù sí àgọ́ àwọn tí ogun lé síbẹ̀. Lọ́sàn-án gangan. Àwọn ọ̀dọ́ Red Cross ti Nàìjíríà ń pín oúnjẹ lọ́wọ́. Mẹ́fà nínú wọn kú, 13 fara pa. MSF, àjọ àwọn dókítà aṣèrànwọ́ tí ó ní àwọn oníṣègùn níbẹ̀, sọ pé ó kéré tán èèyàn 90 ló kú. Wọ́n ní àwọn Boko Haram ni ọkọ̀ náà ń wá. Nígbà tó yá, iléeṣẹ́ ọmọ ogun òfurufú ṣàlàyé pé wọn kò sàmì sí ibẹ̀ dáadáa pé ibi ìrànwọ́ ni.

Ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ń gbé níbi kan, sójà tiwa ló ń ṣọ́ wọn, máàpù kò sì mọ̀ pé wọ́n wà níbẹ̀! Ṣé sójà tó sìn wọ́n ni ò tó ni, àbí sójà tí kò bá sójà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀?

Ọmọ_Ajé

Tudun Biri náà ńkọ́, ní Kaduna, oṣù kejìlá ọdún 2023? Àwọn tó ń ṣe Máólúùdù, dróònù ológun já bọ́ǹbù lé wọn lórí. NEMA, àjọ ìjọba tó ń rí sí pàjáwìrì, ka òkú 85.

Dúró_Peckham

Ẹ kú ìjókòó o. Mo fẹ́ fi ohun tí a gbọ́ ní London níbí kún un, nítorí Lọ́yà sọ̀rọ̀ bí ẹni pé tí a bá ti sàmì síbi kan, ó parí.

Ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin ọdún 2024, ọkọ̀ mẹ́ta ti World Central Kitchen, àjọ tó ń fún àwọn tí ogun bá ní oúnjẹ, ń padà bọ̀ láti Deir al-Balah ní Gaza lẹ́yìn tí wọ́n já oúnjẹ sílẹ̀. Àmì àjọ náà wà lórí òrùlé ọkọ̀. Wọ́n ti sọ ọ̀nà tí wọ́n máa gbà fún àwọn ológun Israel. Dróònù kọ́kọ́ lu ọkọ̀ kan. Àwọn tó yè sá bọ́ sínú ìkejì, ó lu ìyẹn náà. Ó tún lu ìkẹta. Èèyàn 7 ló kú, 3 nínú wọn jẹ́ ará Britain, tẹlifíṣọ̀n ibí sì kún fún un. Ọ̀gá ológun 2 ni wọ́n yọ níṣẹ́.

Kunduz ní Afghanistan, oṣù kẹwàá ọdún 2015: MSF ti fún àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà ní nọ́ńbà GPS ilé ìwòsàn wọn. Bàálù ogun AC-130 ti Amẹ́ríkà ṣì yìnbọn sí i, MSF ní fún bíi wákàtí kan. 42 kú. Wọ́n bá èèyàn 16 wí nínú ọ̀ràn náà, wọn kò pe ọ̀kankan lẹ́jọ́ ọ̀daràn.

Nítorí náà, àmì kì í dá ọta dúró. Bí ẹni tó mú ohun ìjà dání bá mọ̀ pé ìjìyà kò sí, kí ló máa dá a dúró?

Táyé_Maidúgùrì

Ẹ̀gbọ́n Dúró, òótọ́ lẹ sọ. Ṣùgbọ́n kí ẹ má bàa rò pé àmì kò wúlò rárá, ẹ gbọ́ èyí.

Gbogbo ọkọ̀ wa ló ní sítíkà kan lára gíláàsì: àwòrán ìbọn tí wọ́n fa ìlà pupa kọjá lórí rẹ̀, pé kò sí ohun ìjà nínú ọkọ̀ yìí. Lọ́jọ́ kan, níbi tí wọ́n ti ń yẹ ọkọ̀ wò lójú ọ̀nà Konduga, sójà kan tó gba àyè lọ sílé bẹ̀ wá pé ká gbé òun dé Maiduguri. Ìyàwó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Ó bọ̀wọ̀ fún wa, ó fi fọ́tò ọmọ náà hàn wá lórí fóònù. Dírẹ́bà wa, ọmọ Kanuri tó ti lé ní 50 ọdún, sọ fún un pé tó bá fi ìbọn sílẹ̀ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tó sì bọ́ yunifọ́ọ̀mù, òun ṣì kò ní gbé e. Sójà náà bú wa dé ìdí ìran. Ó dun èmi gan-an, mo rò pé dírẹ́bà ti le jù. Nígbà tí a kúrò níbẹ̀, bàbá náà ní gbogbo àwọn tó ń ta omi lẹ́bàá ọ̀nà yẹn ló ń wo ẹni tó wọkọ̀, pé nínú wọn, òun kò mọ ẹni tó ní nọ́ńbà ta ni nínú fóònù rẹ̀.

Bí ìṣe àìgbè-sẹ́yìn-ẹnikẹ́ni ṣe rí nìyẹn. Ọ̀dọ̀ bulama, baálẹ̀ ibẹ̀, la máa ń kọ́kọ́ lọ ní ìlú kọ̀ọ̀kan, kí gbogbo ìlú gbọ́ ohun tó wà nínú ọkọ̀, iye rẹ̀, àti ẹni tó tọ́ sí. Bulama lè ní kí a má wọlé lọ́sẹ̀ yìí. A kì í bi í pé kí ló dé.

Bàbá_Òṣogbo

Ẹ kú àsìkò yìí, ẹ̀yin ọmọ. Ọ̀rọ̀ yín mú mi rántí ogun Bìáfúrà.

Ọjọ́ 5 oṣù kẹfà ọdún 1969, ọmọ ogun òfurufú ìjọba àpapọ̀ yìnbọn já bàálù Red Cross tó ń kó oúnjẹ lọ. Àwọn tó ń wà á kú. Lágbo wa ní ìwọ̀-oòrùn níbí, àwọn kan sọ pé ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Kí ló fà á? Pápá òfurufú Uli ní Bìáfúrà ni bàálù oúnjẹ ń bà sí lóru, ibẹ̀ náà sì ni bàálù tó ń kó ìbọn ń bà sí lóru kan náà. Lókè nínú òkùnkùn, ta ló máa mọ̀ wọ́n yàtọ̀? Ìjọba ní kí oúnjẹ máa wọlé lọ́sàn-án lẹ́yìn tí àwọn bá ti yẹ̀ ẹ́ wò. Ojukwu kọ̀, ó ní ọ̀sán yẹn ni wọ́n máa fi bọ́ǹbù tẹ̀ lé e wọlé. Àwọn méjèèjì ní ohun tí wọ́n ń rò, àwọn ọmọdé sì ń wú níkùn, irun wọn ń pupa. Látinú ìbínú àwọn dókítà Faransé tó ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ni MSF ti jáde ní 1971.

Gowon ti fún àwọn ọmọ ogun ní ìwé ìlànà láti 1967, pé wọn kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ọmọdé, aboyún, ilé ìwòsàn. Ìwé náà dára. Èmi náà rí ohun tó ṣẹlẹ̀ níbi tí ẹni tó ni ìwé kò sí.

Òtítọ́Korò

Ẹ̀yin náà ẹ máa sọ òótọ́. Dọ́là ni gbogbo wọn ń bá lọ. Kí wọ́n jókòó sílé, kò sẹ́ni tó máa pa wọ́n.

Àbẹ̀kẹ́_Agbẹ̀bí

@Òtítọ́Korò, ọjọ́ 8 oṣù kejì ọdún 2013, àwọn obìnrin tó ń to àjẹsára rọpárọsẹ̀ sẹ́nu ọmọ ní Kano, ó kéré tán 9 ni wọ́n yìnbọn pa láàárọ̀ ọjọ́ kan. Owó ọkọ̀ àti oúnjẹ ni púpọ̀ nínú irú wọn ń gbà. Sọ iye dọ́là tó wà níbẹ̀ fún wa.

Táyé_Maidúgùrì

Èmi ò ní bínú sí i, nítorí ọ̀rọ̀ owó wà níbẹ̀, àmọ́ kì í ṣe bó ṣe sọ ọ́. Tí ìlú kan bá gbóná, ẹlikọ́pítà á wá kó òṣìṣẹ́ tó ní àdéhùn. Àwọn tí wọ́n gbà láti inú àgọ́ láti máa to èèyàn sórí ìlà, láti máa wẹ ọwọ́ ọmọ, orúkọ wọn kò sí lórí ìwé ẹlikọ́pítà. Ibẹ̀ la máa ń fi wọ́n sí. Àwọn ìyẹn gan-an ni ISWAP sì mọ ilé wọn.

SójàFẹ̀yìntì

Mo ti ka gbogbo rẹ̀. Bàbá, ẹ kú ìrántí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rò pé ó ṣeé ṣe. Kí sójà kọ́kọ́ jáde láàárọ̀, kí wọ́n yẹ ọ̀nà wò, kí wọ́n kúrò. Kí ọkọ̀ oúnjẹ wá lọ lẹ́yìn wákàtí kan, kí a má rí wọn pa pọ̀. Ìyẹn kò ní sọ ẹnikẹ́ni di sójà. Ṣùgbọ́n pé kí ẹnì kankan má sọ fún wa pé òun ń kọjá, ìyẹn ni n kò ní gbà láé. Bí Rann ti 2017 ṣe ṣẹlẹ̀ nìyẹn.

Lọ́yà_Ọ̀yọ́

Ọ̀gá, mo gbà pẹ̀lú yín, àfi gbólóhùn ìkẹyìn. Kì í ṣe àgọ́ ló yẹ kó wá sọ fún bàálù pé òun wà níbẹ̀. Ẹni tó fẹ́ ju bọ́ǹbù ni òfin gbé ẹrù lé lórí pé kó mọ ẹni tó wà nísàlẹ̀, tí iyèméjì bá sì wà, kó má jù ú.

Ajírọ́bà_Bódìjà

Ta ni wọ́n wá ti fìyà jẹ nínú gbogbo èyí? Mo ń béèrè tinútinú.

Lọ́yà_Ọ̀yọ́

Oṣù kejìlá ọdún 2020, Fatou Bensouda, olùpẹjọ́ àgbà nígbà náà ní ICC, ilé ẹjọ́ ọ̀daràn àgbáyé, sọ pé ìdí wà láti gbà pé Boko Haram hu ìwà ọ̀daràn ogun, pé àwọn ológun Nàìjíríà náà hù ú, àti pé ìwádìí kíkún ló tọ́. Ọdún ń gorí ọdún lórí rẹ̀. Oṣù karùn-ún ọdún 2024 ni Ìgbìmọ̀ Ààbò Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé dìbò lórí ìpinnu 2730 láti dáàbò bo àwọn aṣèrànwọ́: orílẹ̀-èdè 14 fọwọ́ sí i, Russia kò dìbò. Ìyẹn ni mo ní fún un yín.

SójàFẹ̀yìntì

Táyé, ìbéèrè kan. Ohun tí o sọ fi hàn pé ẹ kì í jẹ́ kí sójà sìn yín. Tirelà tó ń kó ẹ̀wà yẹn wọ Dikwa àti Ngala ńkọ́? Mo rántí pé a máa ń sin ọ̀pọ̀ wọn.

Táyé_Maidúgùrì

Bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀gá, ẹ ò purọ́. Òṣìṣẹ́ àjọ ló ń bá ẹlikọ́pítà lọ. Ẹrù ń bá tirelà kọ́ńtírákítọ̀ lọ, tirelà sì ń dúró de ọjọ́ tí sójà bá máa sin ọ̀wọ́ ọkọ̀, torí wọn kò ní jẹ́ kó kọjá láìjẹ́ bẹ́ẹ̀. Dírẹ́bà àti mọ́tòbọ̀ì rẹ̀ máa ń sùn sábẹ́ ọkọ̀ ní Maiduguri títí wọ́n á fi pè wọ́n. Wọn kò wọ aṣọ àjọ kankan, kò sẹ́ni tó kọ́ wọn ní ohun tí wọ́n máa ṣe tí ìbọn bá dún. Tí nǹkan bá ṣe wọ́n, ọ̀dọ̀ ẹni tó ni tirelà ni ìyàwó wọn á lọ.